Ọjọ́ Tí N Ò Kí Màmá Mi

Ìtọ̀ ṣúgà ń bá màmá mi jà. Dókítà ní ṣúgà a máa ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láì dun èèyàn rárá, pé kí wọ́n wá ṣàyẹ̀wò. Màmá kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ló ṣe ojú mi? Ṣebí mo ń dá gbogbo yín mọ̀."

Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni tó bá kí wọn nínú agboolé wa l'Árẹ̀mọ, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò tún kọjá tí wọn ò lọ, inú bí mi. Mo wọlé lọ́sàn-án gangan, mo dúró gbagidi níwájú wọn. N ò kúnlẹ̀, n ò kí wọn. Ìjà ni mo bá wá.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ ń wá?"