Ìyá Mi Lẹ́bàá Títì Arímògijà

Ọdún márùn-ún, láti 1978, ni ìjọba fi há ìyá mi, tísà, mọ́ Arímògijà, nígbà tí bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù l'Ọ́wọ̀.

Owó oṣù kò tó kó ọmọ mẹ́ta ròde. Nítorí náà, lọ́sàn-án Sátidé, ẹ̀bá títì la máa ń jókòó sí, tí a ó máa retí ọkọ̀ tó ń kó gẹdú. Nínú eré wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ọkọ̀ ló rìnrìn-àjò lọ síbi tí nọ́ńbà náà ti wá: BD, Bẹ́ńdẹ̀lì; LA, Èkó.

Ìyá mi á ní, “Ẹ káàbọ̀ o, ará Èkó! Kí lẹ rà bọ̀?” A ó parọ́ títí ẹ̀rín á fi pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, OD, ti Oǹdó tiwa níbí, ló kọjá. Àbúrò mi ló kà á.

“Kí lẹ rà bọ̀?”

“Mi ò ra nǹkan kan, Màámi. Bàbá ni mo lọ kí.”

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Lẹ́tà mẹ́rin ni ìyá mi kọ pé kí ìjọba gbé àwọn lọ sí Ọ̀wọ̀. Èsì kan náà ló ń bọ̀ ṣáá: “Ẹ ní sùúrù.”

Ẹ̀yin ọ̀gá ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, ta ló ka lẹ́tà wọ̀nyẹn nínú yín? Sùúrù kí ni? Ẹ dá mi lóhùn.