Ọsàn Kọ́ Ló Fa Jẹ̀díjẹ̀dí Yèyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀kà, ẹ̀yin ọmọ mi, ọsàn kì í wọ ilé wa. Ìyá bàbá mi tó tọ́ mi dàgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, ló fòfin dè é. "Ohun dídùn ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí," ló máa ń wí. Ọsàn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, títí kan ṣúgà inú ẹ̀kọ, gbogbo wọn ló kà sí ọ̀tá. Iyán nìkan ló bọ́ lọ́wọ́ òfin: iyán láàárọ̀, iyán lálẹ́.

N kò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀jẹ̀ pupa ti ń tẹ̀lé ìgbẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Kò dùn ún, nítorí náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àgbo tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle ló ń mu. Nígbà tó yá, kò lè gun òkè lọ sóko mọ́. Á jókòó sórí àpáta lójú ọ̀nà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bàbá mi ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, inú rẹ̀ ti funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n lọ sí ọsibítù ní Ìkàrẹ́.

"Ta ni mo fẹ́ ṣí ìdí hàn? Bàbá rẹ tó fẹ́ mi pàápàá, inú òkùnkùn ni!"

Bàbá mi dá a lóhùn: "Yèyé, ẹni tó máa wẹ òkú yín á ṣáà rí i."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú gèlè, ó wé e. Èmi náà tẹ̀ lé wọn lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Àrìgìdì ló gbà wá. "Màmá, ìdí tí mo ti rí láàárọ̀ yìí kò lóǹkà. Tiyín ò lè bà mí lẹ́rù." Nígbà tí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò tán, nọ́ọ̀sì yìí ló là á yé wa. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wú nínú ihò ìdí yín, lókè níbi tí ojú ò tó. Ìyẹn ló ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ láìdùn yín. Ìgbẹ́ líle àti fífipá yàgbẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ọsàn ò ṣẹ̀ yín o, Màmá! Òun gan-an ni ì bá mú ìgbẹ́ yín rọ̀."

Dókítà fi rọ́bà tín-ínrín so ibi tó wú náà lọ́rùn, kí ẹ̀jẹ̀ má dé ibẹ̀ mọ́, kó gbẹ, kó sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ara rẹ̀. Wọ́n ní kó máa mu omi dáadáa, kó máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti èso, kó má sì máa jókòó pẹ́ nídìí ìgbẹ́.

Bí a ṣe ń bọ̀, Yèyé yà sí ọjà Ìkàrẹ́. Inú mọ́tò ló ti bó ọsàn méjì, ó gé wọn lórí, ó na ọ̀kan sí mi.

"Mu ún. Èmi àti ọsàn ti parí ìjà."

Kò pẹ́ tó fi padà sórí òkè. Ìṣojú rẹ̀ ni mo di olùkọ́, mo sì ń dúpẹ́ títí dòní.

Ayé ti yí padà. Ilé ìgbẹ́ ti wọnú ilé, ẹ sì ń gbé fóònù jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó lọ síbi àpèjẹ. Ẹ tètè máa dìde. Ẹ má sì pe gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá tẹ̀lé ìgbẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí; ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò. Ìtìjú nìkan ni kò tíì yí padà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fi àìsàn pamọ́ nínú ẹbí wa, ọ̀rọ̀ bàbá mi lójọ́sí nípa ẹni tó máa wẹ òkú la máa ń sọ fún un. Á kọ́kọ́ bínú, á rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á wá bàtà rẹ̀.