Agolo Iyanrìn Màmá

"Ẹ̀jọ, ẹ̀sán, ẹ̀wá." Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n apá Màmá kò dákẹ́. Agolo mílíìkì tí a rọ iyanrìn sí tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, iyanrìn inú rẹ̀ dún ṣàà.

"Màmá, ẹ̀wá ti pé."

"Ènì nìyẹn. Ta ló ń wọn nǹkan tí kì í fi ènì sí i?"

Ìrẹsì ni Màmá, ìyá bàbá mi, fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn tà ní Òmù-Àrán. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́yìn ilé, apá ọ̀tún wọn kán. Eegun jinná, agbára kò padà. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbé agolo náà sókè nígbà mẹ́wàá, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi pé ọ̀wọ́ mẹ́ta. Àbúrò bàbá mi tó wà ní Èkó náà sì ti sọ tiwọn lórí fóònù: bí Màmá kò bá lè gún iyán fúnra wọn nígbà Kérésìmesì, Èkó ni wọn yóò máa gbé.

Màmá kò fẹ́ gbọ́ Èkó sétí rárá. Ni wọ́n bá ń fi ènì kún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan lọ́jọ́ Ajé, ó di márùn-ún lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, èjìká wọn wú, òórùn àdí tí a fi ń ra á gba gbogbo yàrá, wọn kò sì lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Ẹ̀rù bà mí, nítorí èmi ni mò ń kà á.

Nọ́ọ̀sì wo èjìká náà títí. "Màmá, ta gan-an lẹ ń fún ní ènì?"

Ẹ̀rín pa Màmá, bó tilẹ̀ ń dùn wọ́n.

Ìdajì agolo la fi tún bẹ̀rẹ̀, márùn-ún márùn-ún. Bí ọ̀wọ́ kan bá parí, Màmá á máa bó ẹ̀gúsí, wọn á kọ ẹsẹ orin ìjọ kan tán kí wọ́n tó tún gbé agolo. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá rọrùn lọ́jọ́ méjì léra, mo fi ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn kan kún un. Bí apá bá ń gbọ̀n, mo bù ú kúrò.

Kérésìmesì dé. Àbúrò bàbá mi káwọ́ gbera níwájú odó. Ọmọ odó balẹ̀ nígbà mẹ́wàá, Màmá dúró, wọ́n gbé orin.

"Màmá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n gbà á."

"Fi í sílẹ̀. Ọ̀wọ́ kan ló parí."

Wọ́n kọ ẹsẹ náà tán, odó tún dún. Kókó wà nínú iyán náà, mi ò ní purọ́. Àbúrò bàbá mi jẹ ẹ́ tán, àwọn nìkan ni wọ́n sì wọ mọ́tò padà sí Èkó.

Irin ni mò ń gbé báyìí, níbi eré ìdárayá kan ní Ìlọrin. Olùkọ́ wa á máa pariwo pé, "Ẹ fi kan sí i!" Èmi á gbé irin sílẹ̀, mà á máa kọ orin Màmá sínú. Ó rò pé ọ̀lẹ ni mí. Kò burú.

Màmá lo ọdún méje sí i kí wọ́n tó kú, nínú yàrá tiwọn, ní Òmù-Àrán. Àárò wọn ń sọ mí. Ọdún méje yẹn ni mo kà sí ènì tiwọn.