Rènátà Inú Tẹlifíṣọ̀n Màmá Bíọ́lá

Ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín, Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn là ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń ṣí. Àwa wà nísàlẹ̀, Bíọ́lá ọ̀rẹ́ mi àti àwọn òbí rẹ̀ wà lókè. Bàbá Bíọ́lá jẹ́ ẹnjiníà tó kàwé ní ìlú Jámánì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ́ ìyàwó wọn wálé. Òyìnbó ni Màmá Bíọ́lá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi gbàgbé, torí Yorùbá ẹnu wọn dán ju ti àwọn ọmọ tí à ń tọ́ ní Dallas níhìn-ín lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ dàgbà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣì máa ń ní ilẹ̀kùn onígi tí wọ́n ń tì, ẹ ó mọ irú ayé tí mò ń sọ.

Màmá Bíọ́lá ní àbúrò obìnrin kan ní Jámánì tó máa ń gba eré orí tẹlifíṣọ̀n sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí á sì fi rán ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ ní Nàìjíríà. Òṣèré kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú gbogbo eré náà. Renate Holzbach lorúkọ rẹ̀, àmọ́ Rènátà ni àwa ọmọdé ń pè é, bí ẹni pé àǹtí wa kan ni. Màmá Bíọ́lá sọ fún wa pé kò sí ilé tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n lọ́hùn-ún. Láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́ ló ti ń ṣeré. A rí fíìmù rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, níbi tó ti ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó, tó ń kọrin bó ti ń nu fèrèsé. Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ràn jù ni eré tó ti ṣe agbẹ̀bí abúlé kan lórí òkè, tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti ilé aboyún kan dé òmíràn nínú yìnyín.

Ọjọ́ Sátidé là ń wò ó. Kí wọ́n tó gbà mí láyè láti gòkè lọ, mo gbọ́dọ̀ ti fọ abọ́, kí n gbálẹ̀, kí n ṣa òkúta inú ẹ̀wà, kí n sì pọn omi kún ìkòkò. Bí mo bá ń ráhùn, màmá mi á ní, “Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.” Irú oyin tó wà nínú eré tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọn ò bi mí rí.

Oyin kọ́ ló ń dúró dè wá lókè, àkàrà òyìnbó alágbálùmọ̀ ni. Màmá Bíọ́lá ní èso kíkan kan ni wọ́n ń tò sórí àkàrà náà nílùú àwọn. Nígbà tí wọn ò rí i rà ní Ìbàdàn, wọ́n rò ó títí, wọ́n gba àgbálùmọ̀ wọlé. Ó ń kan, ó ń dùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ eyín. A ó máa jẹ ẹ́, ojú wa á máa fún pọ̀, a ó tún nawọ́ pé kí wọ́n fún wa sí i.

Bíọ́lá ni ògbufọ̀ wa, àmọ́ ọ̀lẹ ògbufọ̀ ni. Rènátà lè sọ̀rọ̀ kí itọ́ gbẹ lẹ́nu rẹ̀, Bíọ́lá á kàn ní, “Ó ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá.” Ó sọ ọ́ títí a fi rò pé gbogbo èdè Jámánì ò ju omi gbígbóná lọ. Màmá Bíọ́lá á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Omi gbígbóná yìí ló kó wa sí wàhálà. Lẹ́yìn ilé, a máa ń ṣe eré agbẹ̀bí. Túndé àbúrò mi la máa ń fi ṣe aboyún, nítorí òun ló kéré jù, kò sì lè kọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo mú ìrọ̀rí tuntun màmá mi, mo dè é mọ́ ọn nínú. Bíọ́lá gbé ìkòkò omi ka sítóòfù, ó ní agbẹ̀bí gidi kì í fi omi tútù ṣiṣẹ́. Ibi tí omi ti ń hó, tí Túndé ń rọbí, ni màmá mi bá wa. Wọ́n pa sítóòfù, wọ́n tú ìrọ̀rí, wọ́n ní kí èmi àti Bíọ́lá kúnlẹ̀, kí a dojú kọ ògiri, kí a na ọwọ́ sókè. Apá wa ti ń gbọ̀n nígbà tí Màmá Bíọ́lá sọ̀ kalẹ̀ wá.

“Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wọ́n. Rènátà ló fà á.”

Màmá mi ò wẹ̀yìn. “Ẹ sọ fún Rènátà yín kó wá kúnlẹ̀ tì wọ́n.”

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń yá ara wọn ní iyọ̀, ṣùgbọ́n màmá mi ò jókòó nílé wọn rí. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ máa bá obìnrin tó ń fi àgbálùmọ̀ ṣe àkàrà sọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Bíọ́lá ṣàìsàn. Kíndìnrín wọn ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Kí òjò tó dá, wọ́n ti kú. Àwọn ẹbí wọn dé láti Ìkirè, ilé kún. Màmá Bíọ́lá ń gbé oúnjẹ fún àlejò, wọ́n ń fọ abọ́, wọ́n ń tẹ́ ẹní, wọn ò sunkún. Nídìí ẹ̀rọ omi, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ pé òyìnbó kì í sunkún ọkọ. Èmi àti Bíọ́lá jókòó lórí àtẹ̀gùn, a sì gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sọ nínú yàrá.

“Ìyàwó wa, a ò lé ọ. Àmọ́ bí o bá fẹ́ padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ, a ò ní dá ọ dúró. Ọmọ wa nìkan ni o ó fi sílẹ̀ fún wa.”

Bíọ́lá di ọwọ́ mi mú.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, màmá mi di ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n ní kí n gbé e tẹ̀ lé àwọn lọ sókè. Àwọn àlejò ti dín kù. Màmá Bíọ́lá nìkan ló wà ní pálọ̀, wọ́n ń wo kásẹ́ẹ̀tì. Eré agbẹ̀bí náà ni, ṣùgbọ́n apá yìí, àwa ò tíì rí i rí. Yìnyín ti ya lu ọkọ agbẹ̀bí lórí òkè, ó ti kú. Rènátà ò sunkún. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ gbẹ̀bí ọmọ ẹlòmíràn, ó wẹ ọmọ, ó gbé e fún ìyá rẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín sí i. Ìgbà tó padà délé, tó rí bàtà ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó bú sẹ́kún.

Màmá Bíọ́lá náà bú sẹ́kún. Mi ò rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Màmá mi, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Jámánì, jókòó tì wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbé orí Màmá Bíọ́lá sórí itan wọn, àwọn náà ń wo Rènátà, omi ń bọ́ lójú wọn.

“Ẹ sun ún dáadáa,” ni màmá mi ń sọ. “Ẹ sun ún, Ìyá Bíọ́lá.”

Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, Màmá Bíọ́lá ní, “Bí mo bá lọ, wọn á gba ọmọ mi. Bí mo bá dúró, mi ò ní ẹnì kankan.”

“Ta ló sọ fún yín pé ẹ ò ní ẹnì kankan?”

Màmá mi dìde, wọ́n so ìró wọn le, wọ́n wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n olóògbé wà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá náà, wọ́n sì sọ fún wọn pé ìyàwó wọn ò lọ síbì kankan, ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Wọ́n ní bí ẹbí bá ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn fojú sí i bó ṣe ń tọ́ ọmọ, àwọn tí àwọn ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ rèé. Bàbá náà ní kò burú, bí ó bá lè dúró, àwọn náà á dúró tì í.

Màmá Bíọ́lá dúró. Wọ́n ríṣẹ́ olùkọ́ orin ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rówó rán Bíọ́lá dé yunifásítì. Láti ìgbà náà, màmá mi kì í pa Sátidé jẹ. Àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á máa bó ẹ̀pà, wọ́n á máa wo bí Rènátà ṣe ń dàgbà. Ó kúrò ní agbẹ̀bí, ó di adájọ́, ó di ìyá ìyàwó. Ìgbà kan wà tí kásẹ́ẹ̀tì ò dé mọ́. Àbúrò Màmá Bíọ́lá ránṣẹ́ pé àwọn tó ń ṣe fíìmù ti sọ pé obìnrin náà ti dàgbà jù, wọn ò níṣẹ́ tí wọ́n máa fún un, pé àwọn ìlú kéékèèké ló ti ń ṣe eré orí ìtàgé kiri. Ọ̀rọ̀ náà dun màmá mi bí ẹni pé àbúrò wọn ni wọ́n lé níbi iṣẹ́. Nígbà tó padà sórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń ṣe ìyá àgbà, irun rẹ̀ ti funfun. Kò kùn ún, kò sì lọ tún ojú ṣe. Màmá Bíọ́lá sọ fún un lójú tẹlifíṣọ̀n pé, “Èmi àti ẹ la jọ ń darúgbó.”

Lónìí, nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí ni mí. McKinney lẹ́bàá Dallas ni ilé mi wà, ọ̀nà ibi iṣẹ́ mi sì jìn, inú mọ́tò lórí fíríwéè ni mo ti ń jẹ oúnjẹ àárọ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni màmá mi wá bá wa. Nídìí fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí látàárọ̀, wọ́n á máa wo mọ́tò. Bí wọ́n bá bá Tèmi ọmọ mi sọ̀rọ̀, á kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kan ni mo rí eré Rènátà kan lórí tẹlifíṣọ̀n wa, tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti di arúgbó gan-an, ó ń ṣe ìyá kan tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kí n tó sọ orúkọ, màmá mi ti ní, “Agbẹ̀bí yẹn kọ́ nìyí?” Mo ní kí Tèmi máa ka ohun tó wà nísàlẹ̀ fún wọn ní Yorùbá. Ó ń kólòlò, ó ń fi ọwọ́ júwe ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó dé ibì kan, ó dúró, ó bi mí pé kí ni wọ́n ń pe ẹni tí èèyàn wà nínú ilé rẹ̀ àmọ́ tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Màmá mi ló dáhùn. “Ó dá wà ni. Mo mọ ìyẹn.”

Wọn ò fi bú ẹnikẹ́ni, ojú wọn ṣì wà lára tẹlifíṣọ̀n. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò ní máa ṣiṣẹ́ àárọ̀ Sátidé mọ́. Ó kéré tán, a ní òwúrọ̀ kan tí àwa mẹ́ta jọ ń jókòó.

Ọ̀dọ̀ Bíọ́lá ní Jámánì ni Màmá Bíọ́lá ń gbé báyìí. Láàárọ̀ Sátidé kan lóṣù tó kọjá, wọ́n pè wá lórí fóònù. Wọ́n ní Rènátà ti sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ò ṣeré mọ́, ó ti rẹ òun.

“Ó gbìyànjú,” ni màmá mi sọ. “Ta ni yóò wá máa bá wa darúgbó báyìí?”

“Èmi àti ẹ̀yin náà ni, Ìyá Ṣadé,” ni Màmá Bíọ́lá dáhùn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tẹlifíṣọ̀n kan ló ń kó gbogbo ilé jọ. Lónìí, kò sí yàrá tí kò ní tirẹ̀ nínú ilé mi, ó sì di dandan kí n pe èèyàn kó tó jáde sí pálọ̀. Nígbà náà, bí màmá mi àti Màmá Bíọ́lá bá fẹ́ rí ara wọn, àtẹ̀gùn lásán ni màmá mi máa gùn. Òkun ló wà láàárín wọn nísinsìnyí. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí mo jáde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí Màmá Bíọ́lá pè yẹn, àwọn méjèèjì ò tíì gbé fóònù sílẹ̀.