Ìyá Zinsu Lórí Kúlà Ìrẹsì

"Ìyá Zinsu, ṣé ẹ máa dìde lórí kúlà yìí àbí ẹ ò ní dìde?"

"N ò ní dìde, sà."

Ọjọ́ ìrántí àwọn sójà ni, nínú oṣù Jánúárì, ní ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ibereko, l'Àgbádárìgì. Àwọn tó tẹ̀lé àlejò pàtàkì wá ti ń na àwo lábẹ́ kanópì. Àwọn bàbá ajagunfẹ̀yìntì mẹ́rin tí wọ́n torí wọn ṣe ayẹyẹ wà nínú oòrùn bí ẹja tí wọ́n sá. Ìyá Zinsu, òbí tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dáná lọ́fẹ̀ẹ́, wò wọ́n títí. Ló bá gbé ìdí kalẹ̀ lórí kúlà ìrẹsì, ìdí ọ̀hún kì í sì í ṣe kékeré.

"Àwọn bàbá yẹn ló máa kọ́kọ́ jẹun," ó ní.

Ọ̀gá ilé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí níwájú àlejò."

"Ẹ̀yin lẹ dójú ti ara yín. Ta lẹ ní ẹ̀ ń ṣọjọ́ fún?"

Géńdé méjì wá láti gbé e kúrò. Wọ́n tì í, wọ́n fà á, kò mì. "Ẹ rọra o," ó ń bá wọn kẹ́dùn, "ẹ má torí oúnjẹ ọ̀fẹ́ dá ara yín lẹ́yìn." Ìgbà tí wọ́n pe àwọn bàbá wá síbi àwo ló tó dìde.

Àwọn ará Àgbádárìgì ṣì ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Bí wọ́n bá mọ ohun tó gbé e dórí kúlà, ẹ̀rín á há wọn lọ́fun.

Ajagunfẹ̀yìntì ni bàbá tó bí i. Lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n pè é síbi ayẹyẹ yìí kan náà. Wọ́n kí i, wọ́n yà á ní fótò, wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn. Ìrọ̀lẹ́ ló wọlé. "Dosi, ṣé ẹ̀kọ kù nílé?" Dosi ni orúkọ àbísọ Ìyá Zinsu, ẹ̀yìn ìbejì ló wáyé. Ó bu ẹ̀kọ tútù fún un, ó ń sunkún, bàbá sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kí òjò tó dé, bàbá ti kú. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùrántí!

Nígbà tí Jánúárì tún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. "Èmi ni màá dáná fún àwọn sójà. N ò gba kọ́bọ̀." Inú ọ̀gá dùn. Kò mọ ẹni tó gbà wọlé.

Lọ́dún tó tẹ̀lé ti orí kúlà, ọ̀gbẹ́ni ńlá kan mú ayàwòrán wá. Ó na àwo ìrẹsì sí Bàbá Yẹ̀kínì, tó dàgbà jù nínú àwọn bàbá náà. Wọ́n ya fótò. Kí bàbá tó gbà á, àwo ti dé iwájú ẹni kejì. Wọ́n tún yà á. Àwo kan náà ló fi ṣàánú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ń gbé e padà sí tábìlì tirẹ̀ nígbà tí Ìyá Zinsu gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Fótò ti yó. Ó ku bàbá."

"Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ni?"

"Mo mọ̀ yín. Bàbá yìí lẹ ò mọ̀."

Ó gbé àwo fún Bàbá Yẹ̀kínì, ó dúró tì í. Ẹran inú rẹ̀ tóbi bí ẹ̀ṣẹ́. "Ọmọ mi," bàbá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "n ò léyín mọ́ o."

"Ẹ gbé e mì, bàbá! Wọ́n ń wò wá."

Láti ọjọ́ náà, "Sájẹ́ǹtì" ni Bàbá Yẹ̀kínì ń pè é. Bó bá rí i lójú títì, á fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ apá, á kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá. Ìyá Zinsu á máa bú u ní èdè Ègùn, ẹ̀rín ni yóò máa rín.

Nígbà òjò àrọ̀kúrò tó kọjá yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Ìyá Zinsu lọ. Ó dùn wá. Obìnrin tó ń bẹ́gi, tó ń ponmi, tí ariwo rẹ̀ ń ta gbogbo àdúgbò jí.

Jánúárì tún dé. Àwọn bàbá ti ku méjì: Bàbá Yẹ̀kínì àti Bàbá Ùsmán, tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Wọ́n gbé kúlà kọjá níwájú wọn lọ sábẹ́ kanópì. Gbogbo àwa tó ń fi Ìyá Zinsu rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, a ń wolẹ̀.

Ni Bàbá Yẹ̀kínì bá fi ọ̀pá tilẹ̀, ó rọra rìn dé ìdí kúlà, ó jókòó lé e.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ọ̀gá ilé ìwé ní. "A máa bu tiyín wá."

"Ebi ò pa mí. Ùsmán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bu fún."

"Kí lẹ wá ń ṣe lórí kúlà?"

"Sájẹ́ǹtì mi ló ṣubú. Mo dúró sípò rẹ̀ ni."

Ọwọ́ kan ni géńdé kan ì bá fi gbé e kúrò. Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló gbé àwo tí wọ́n ti bù síwájú àlejò pàtàkì lọ fún Bàbá Ùsmán nínú oòrùn.

Nígbà tí wọ́n ní Bàbá Ùsmán ti jẹun tán, Bàbá Yẹ̀kínì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí bí ìdérí kúlà ṣe ṣẹ́ kù gbàràgadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì," ó ní, "àyè tó o fi sílẹ̀ yìí tóbi jù mí lọ o."