Ohun Tí Òrìṣà Jẹ Kù

Aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi àti ọmọbìnrin mi dúró ti òkúta Íjíbítì kan ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ní Atlanta. Ó ka àkọlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi.

"Daddy, wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú òrìṣà nínú tẹ́ńpìlì, àwọn àlùfáà á wá jẹ ẹ́. Ẹ ò rí olè!"

Òórùn òrí ojúbọ Ọbàtálá ilé wa sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ebi mú mi jí iyán òrìṣà jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ ìgbín tí kò níyọ̀. Ìyá àgbà ká mi mọ́ ọn. Mo rò pé màá kú. Ó kàn nu ẹnu mi.

"Òrìṣà ti jẹ tiẹ̀. Tìẹ ló kù."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé oúnjẹ kan ṣoṣo tí òun náà ní lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fi ìyẹ̀fun iṣu ro iyán, mo gbé e síwájú ọmọ mi.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Daddy?"

"Jẹun. Màá jẹ èyí tó bá kù."