Òṣùpá Lọ́yà Muqbil

Bí àwọn ará Yemen tó wà ní Amman bá dárúkọ olóògbé Lọ́yà Muqbil, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó ṣàdúrà fún un. Ọ̀rọ̀ òṣùpá ló máa ń ṣíwájú.

Ọkọ Ummu Arwa ló ránṣẹ́ láti òkè òkun pé kí ìyàwó òun àti Arwa ọmọ wọn máa bọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ tó bá ti pé ọdún mọ́kànlélógún kò lè bá ìyá rẹ̀ wọlé mọ́. Òṣìṣẹ́ físà bi ìyá léèrè ọjọ́ orí ọmọ. Ummu Arwa yọ ayọ̀ ẹni tó tọ́ ọmọ yanjú, ó ní, "Ó pé mọ́kànlélógún nínú oṣù Rajab!" Ọkùnrin náà gbé bíírò láti fagi lé orúkọ ọmọ.

Lọ́yà Muqbil tó bá wọn wá fò dìde. "Ọ̀gá, ẹ rọra! Òṣùpá lobìnrin yìí ń kà o!"

"Òṣùpá báwo?"

"Oṣù tó ń yọ lójú ọ̀run la fi ń ka ọdún tiwa, kò sì ní sùúrù. Lọ́dọọdún, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju tiyín lọ. Mọ́kànlá lọ́nà mọ́kànlélógún, ó ju oṣù méje lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ogún ọdún àti díẹ̀ lọmọ yìí!"

Òṣìṣẹ́ náà ṣírò ó, ó tún un ṣírò, ó sì lu òǹtẹ̀.

Lójú ọ̀nà, Ummu Arwa ní, "Lọ́yà, a jẹ́ pé èmi náà ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá Arwa, ẹ ti fi ọdún kan kéré sí i látàárọ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Qaid tó ń ta oyin náà gba tirẹ̀ lẹ́nu lọ́yà. Ẹni tó bá pẹ́ jù lẹ́yìn odi, ìwé ìgbélùú rẹ̀ á bàjẹ́, Qaid sì ń búra pé òun ò pẹ́ ju iye ọjọ́ tí òfin fún òun lọ.

"Ọjọ́ tóo kúrò níbí ńkọ́, ṣé o kà á mọ́ ọn?"

"Ìyẹn ò sí nínú ẹ̀, lọ́yà."

"Ibo lo wá sùn lálẹ́ ọjọ́ náà?"

"Nínú bàálù."

"Ó dáa, lọ bẹ bàálù kó fún ẹ níwèé ìgbélùú!"

Nígbà tí ìròyìn ikú lọ́yà dé òkè òkun, Arwa ń po ìyẹ̀fun, ìyá rẹ̀ sì ń sọ gbogbo èyí, ó ń rẹ́rìn-ín. Arwa dáwọ́ dúró.

"Màámà, ká ní kò dìde lọ́jọ́ náà, orí fóònù nìkan lẹ bá ti máa rí mi."

Ummu Arwa sún mọ́ ọn. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, tòun tìyẹ̀fun lọ́wọ́. "Ọlọ́run á fi àlùjánnà kẹ́ ẹ," ló ń wí, kò sì fẹ́ fi ọmọ náà sílẹ̀.